Vette àbí Torian: ta ló máa sanwó ohun tó o bá yàn?

Àbúrò kan fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi, mo ní kí n dá a lóhùn ní gbangba kó lè wúlò fún ẹlòmíì náà. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Star Wars: The Old Republic, géèmù ọ́ńláìn, ni mò ń gbá, Sith Warrior ni kàráktà mi, mo ti fẹ́ Vette, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ̀lé mi jagun nínú ìtàn, níyàwó ọjọ́ ti pẹ́. Mo sanwó oṣù kan kí n lè wọ Knights of the Eternal Throne, apá ìtàn tí wọ́n fi kún un, mo wá débi tí Vaylin, ọ̀tá wa, ti kógun wá bá wa ní Odessen, ibùdó wa, wọ́n ní kí n yan ẹni tí mo máa lọ gbà là, Vette àbí Torian tó ń tẹ̀lé mi bíi tiẹ̀, pé ẹnì kejì máa kú. Mo pa géèmù yẹn, mi ò tíì yan nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé irọ́ ni gbogbo yíyàn inú géèmù ọ́ńláìn, ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń já sí. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, géèmù wo ni kí n lọ gbá tí ohun tí mo bá ṣe á ti jọ nǹkan?"

O ṣé àbúrò mi. Iṣẹ́ kíkọ ìtàn fún géèmù ni mo fi ń jẹun, mo sì ti ń gbá àwọn tọ́ńláìn yìí látìgbà tó jẹ́ pé káfé la ti ń ra àkókò, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lójú mi rárá. Ọ̀rẹ́ ẹ ò parọ́, àmọ́ ojú kan ṣoṣo ló fi wò ó. Tèmi ni pé kéèyàn yéé bèèrè bóyá yíyàn kan máa yí ìtàn padà, kó máa bèèrè pé ta ló máa sanwó ẹ̀. Gbogbo yíyàn tó bá ti nípọn, ẹnì kan ló san nǹkan sí i. Ó lè jẹ́ àwọn tó ṣe géèmù yẹn, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ọ̀nà méjì dípò ọ̀kan. Ó lè jẹ́ ìwọ fúnra ẹ, tó o pàdánù nǹkan tó ò ní rí gbà padà. Ó sì lè jẹ́ àwọn ẹlòmíì tẹ́ ẹ jọ wà nínú ẹ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò bá ti san kọ́bọ̀ lé lórí, wọ́n kàn fi ṣe ojú ìtàn lẹ́wà ni.

Jẹ́ ká tinú géèmù tó o wà nínú ẹ̀ gan-an bẹ̀rẹ̀. O máa rántí pé nígbà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Korriban, plánẹ́ẹ̀tì tó o ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Black Talon. Grand Moff Kilran, ọ̀gá ológun tiyín, ránṣẹ́ pé kí ọkọ̀ yẹn lọ kọlu ọkọ̀ Republic, àwọn ọ̀tá yín, kan, Brentaal Star, Captain Orzik tó ń darí Black Talon wá yarí, ó ní òun ò lọ, pé ikú ni wọ́n ní kóun kó àwọn ọmọ iṣẹ́ òun lọ bá. Wọ́n bi ẹ́ pé ṣé kó o pa á ni àbí kó o dá a sí. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe kọ ibẹ̀ yẹn gan-an, torí ọkùnrin náà kì í ṣe ìkà, ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù ẹ̀ sì tọ̀nà. Wàyí o, tó bá jẹ́ ẹ̀yin mẹ́rin lẹ jọ wọ ibẹ̀, kálukú á tẹ ohun tó fẹ́, géèmù á wá ta dáìsì fún yín, ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ bá ga jù lọ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ṣẹ. Ìwọ lè tẹ̀ ẹ́ pé kó yè, kí dáìsì ẹlòmíì jáde ní 94, kí Orzik kú lójú ẹ báyìí. Ohun tí mo wá gbóríyìn fún wọn lé lórí níbẹ̀ ni pé light side àti dark side ẹ (máàkì ìwà rere àti ti ibi), ohun tí ìwọ fúnra ẹ tẹ̀ ni wọ́n máa kà sí ẹ lọ́rùn, kì í ṣe ohun tí dáìsì sọ. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ohun téèyàn ní lọ́kàn yàtọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀, àwọn mẹ́rin míì á wọlé, Orzik á tún wà lórí ìdúró, á tún máa yarí pé òun ò lọ.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ò pamọ́. Géèmù tí ìwọ nìkan ń gbá nínú yàrá ẹ, tìẹ nìkan ni ayé inú ẹ̀, tó o bá dáná sun ìlú, ìlú á jó, ó parí. Tọ́ńláìn dà bíi dánfó, èèyàn méjìdínlógún ló wà nínú ẹ̀, dẹ́rẹ́bà ò sì lè yà síbi tí kálukú ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí èmi bá pa ọba, tí ìwọ dá a sí, tí àwa méjèèjì wá pàdé láàfin, ṣé ọba wà níbẹ̀ ni àbí kò sí níbẹ̀? World of Warcraft, géèmù ọ́ńláìn míì, wá ọgbọ́n kan dá sí i lọ́dún 2008 nínú apá tuntun kan, Wrath of the Lich King, wọ́n ń pè é ní phasing: ojú kan náà la jọ dúró sí, àmọ́ géèmù á fi ilẹ̀ tó ti jóná han èmi tí mo ti kọjá ogun Wrathgate, á sì fi èyí tó ṣì wà bó ṣe wà han ìwọ tó ò tíì débẹ̀. Ó wú èèyàn lórí nígbà yẹn o, kò sírọ́ ńbẹ̀. Ìyọnu ẹ̀ ni pé a ò ní lè rí ara wa mọ́. Mo pè ẹ́ lórí fóònù, mo ní "mo wà níwájú ẹ níbí", o ní "ibo? mi ò rí ẹ", a wá ń wá ara wa kiri lójú kan náà tá a dúró sí. Bí wọ́n bá ṣe ń la ayé yẹn wẹ́wẹ́ kí yíyàn kálukú lè hàn, bẹ́ẹ̀ ni ohun tá a torí ẹ̀ gbá géèmù papọ̀ ń dínkù.

Owó lèyí táwọn èèyàn kì í rò tó. Nígbà tí BioWare gbé Star Wars: The Old Republic (SWTOR) jáde ní December 2011, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbohùn ẹ̀ sílẹ̀ lé ní 200,000 ìlà, ó sì gbé wọn wọ ìwé Guinness. Oríṣi kàráktà mẹ́jọ ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ti ọkùnrin àti ti obìnrin, ohùn 16 nìyẹn fún ìwọ tó ń gbá a nìkan, a ò tíì ka àwọn tó ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Wọ́n tún wá ṣe é lédè Gẹ̀ẹ́sì, lédè Faransé, lédè Jámánì. Bá mi ṣírò ẹ̀ wò: ká ní èmi òǹkọ̀wé fẹ́ fi ẹ̀ka tuntun kan sínú ìtàn tí gbogbo oríṣi kàráktà jọ máa gbà kọjá, ẹ̀ka kékeré báyìí, gbólóhùn mẹ́wàá péré látẹnu ẹ. Mẹ́wàá lọ́nà 16 jẹ́ 160, ìyẹn lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 480. Ìgbà 480 lẹnì kan máa dúró síwájú máíkì nítorí ẹ̀ka tó jẹ́ pé èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó ń gbá a lè má dé ibẹ̀ láéláé. Ẹni tó ń mójú tó owó á bi mí bóyá gbólóhùn méjì ò ní tó, mi ò sì lè sọ pé ó ń ṣìkà, torí owó tó bá lọ síbẹ̀, ìpínrọ̀ míì nínú ìtàn ló máa jẹ gbèsè ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń di pé ìdáhùn mẹ́ta á wà lójú ẹ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gbà ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á sì jọ padà sórí títì kan náà.

Ó yá, ọ̀rọ̀ Vette àti Torian. Ẹni tó o bá yàn á yè, ẹnì kejì á kú lọ́wọ́ Vaylin, kò sì ní jí dìde. Ibẹ̀ yẹn kì í ṣe irọ́ o, kí ọ̀rẹ́ ẹ má tàn ẹ́ jẹ. Ibi tó ti sọ òótọ́ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ọjọ́ tí Vette ti lè kú lọ́wọ́ àwọn kan kó sì wà láàyè lọ́wọ́ àwọn míì, kò sí òǹkọ̀wé tó máa gbé ìtàn tuntun lé e léjìká mọ́, torí ìran tó bá jẹ́ pé Vette ló dì í mú, àwọn tí Vette wọn ti kú ò ní rí nǹkan kan wò níbẹ̀. Torí náà ẹni tó yè á máa tẹ̀lé ẹ kiri, á máa bá ẹ jagun, á máa sọ gbólóhùn kan níbí, gbólóhùn kan lọ́hùn-ún, ìtàn ńlá á sì máa lọ láìdúró dè é. Ikú yẹn pa ẹnì kan, ó wá pa ẹnì kejì lẹ́nu mọ́. Èyí ló máa ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí àwa tá a ń kọ ọ́ mọ̀ pé bá a bá ti gbé "kú àbí yè" síwájú èèyàn báyìí, ẹni tá a fẹ́ràn yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn, yálà ó kú ni o, yálà kò kú.

Wọ́n sì ti rí i tẹ́lẹ̀ o. Nígbà tí wọ́n ń dán SWTOR wò kó tó jáde, èèyàn lè pa àwọn tó ń tẹ̀lé e nínú ìtàn. Wọ́n yọ ọ́ kúrò kí géèmù tó débi ọjà, torí ẹni tó bá fi ìbínú pa ẹni tó ń wò ó sàn lójú ogun, ó ti pàdánù ẹ̀ títí ayé kàráktà yẹn. Owó ẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tó ń gbá a, wọ́n ò jẹ́ kó san án.

Àmọ́ jẹ́ kí n bi ẹ́ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Vette fún ẹ ní Korriban, kọ́là kan wà lọ́rùn ẹ̀ tó máa ń gbé iná, ìwọ lo sì di ohun tí wọ́n fi ń tàn án mú. O lè máa fi iná yẹn jẹ ẹ́ níyà nígbàkígbà tó bá ṣe ẹnu, o sì lè yọ ọ́ kúrò lọ́rùn ẹ̀. Ṣé o yọ ọ́? Mo mọ̀ pé o yọ ọ́, ìyàwó ẹ ni. Yíyọ tó o yọ ọ́ yẹn, ta ló mọ̀ ọ́n nínú gbogbo ayé ìràwọ̀ inú géèmù yẹn? Kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sí plánẹ́ẹ̀tì tó wó, kò sí ogun tó yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ kàn, bó ṣe ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí bó ṣe ń bá ẹni tó fi kọ́là yẹn sílẹ̀ sọ̀rọ̀, torí ẹnì kan jókòó, ó kọ ti ẹni tó ń bẹ̀rù, ó tún kọ ti ẹni tó ti bọ́. Wọ́n sanwó ẹ̀. Lójú tèmi, yíyàn kọ́là yẹn wúwo ju ti Odessen lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Odessen ni wọ́n fi orin ńlá sí. Torí náà tó o bá fẹ́ràn Vette, lọ gbà Vette, má tiẹ̀ ka wiki rárá kó o tó ṣe é, ohun tó o máa jẹ nínú ẹ̀ ni ohun tó máa ṣe ẹ́ lọ́kàn níbi tó o jókòó sí nígbà tí Torian bá kú.

Èyí tí mo kórìíra ni kí wọ́n díbọ́n. World of Warcraft, Battle for Azeroth, 2018. Wọ́n dáná sun Teldrassil, igi ńlá tí àwọn elf ń gbé, ìwọ tó o wà lẹ́yìn Horde, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjì tó ń bára wọn jà, sì wà lára àwọn tó jagun yẹn, ẹnikẹ́ni ò bi ẹ́ bóyá o fẹ́. Lẹ́yìn tí èèyàn ti bínú yẹn, wọ́n wá mú yíyàn kan jáde pé ṣé Saurfang, ọ̀gágun Horde tó kẹ̀yìn sí ohun tí wọ́n ṣe, lo máa tẹ̀lé ni àbí Sylvanas, olórí Horde tó pàṣẹ iná yẹn. Àwọn èèyàn mú un ní pàtàkì gan-an, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ẹ̀. Ní September 2019, nínú àtúnṣe 8.2.5, Saurfang pe Sylvanas níjà lẹ́nu ibodè Orgrimmar, ó kú, Sylvanas já Horde sílẹ̀ ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó tẹ̀lé Saurfang rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tẹ̀lé Sylvanas náà rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn fún un ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i ni. Ìdí tó fi dun àwọn èèyàn tó bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti dáhùn tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ìtàn yẹn tààrà láìbi ẹnikẹ́ni, inú á bí wa díẹ̀, a ó gbà á.

Ìyẹn ni mo fi máa ń gbèjà Final Fantasy XIV tí wọ́n bá ń bú u pé kò sí yíyàn nínú ẹ̀. Kò sí lóòótọ́. Látọdún 2013 tí wọ́n tún un ṣe tí wọ́n sì tún un gbé jáde, títí dé apá Endwalker lọ́dún 2021, ojú títì kan ni ìtàn yẹn ń tọ̀, wọ́n á fún ẹ ní ìdáhùn méjì mẹ́ta, kò sí èyí tó o tẹ̀ tí ìtàn máa yà. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣe bí ẹni pé ó máa yà. Ìdáhùn yẹn wà kó o lè sọ irú ẹni tí kàráktà ẹ jẹ́, ṣé aláwàdà ni, ṣé ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu ẹ̀ ni, gbogbo owó tí wọn ò ná sórí ẹ̀ka ni wọ́n kó sínú ìtàn kan náà yẹn, àwọn èèyàn sì ń sunkún níbẹ̀ bí ẹni tó ṣòfò.

Guild Wars 2 lo ọgbọ́n méjì tó yẹ ká yẹ̀ wò. Nínú ìtàn tara ẹ, wàá yan ẹgbẹ́ kan nínú mẹ́ta, Durmand Priory, Order of Whispers àbí Vigil, kálukú ní ọ̀gá tó máa mú ẹ mọ́ra, Sieran, Tybalt àbí Forgal. Gbogbo wọn ló kú sí Claw Island. Ẹni yòówù kó o yàn, ibẹ̀ ni wàá ti pàdánù ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ á ní "ṣé o rí i?" Èmi á ní kó wo ẹni tó ń sunkún: ẹni tó bá Tybalt rìn ò sunkún nítorí Forgal. Ibi tí ìtàn já sí ò yàtọ̀, ẹni tó kú sí ẹ lọ́wọ́ ló yàtọ̀, wọ́n sì kọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kíkún. Ọgbọ́n kejì ni ìbò. Lọ́dún 2013, àyè kan ṣí sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú Lion's Arch, Ellen Kiel àti Evon Gnashblade ń du ipò yẹn, wọ́n ní kí gbogbo àwa tá à ń gbá a dìbò. Tí Kiel bá wọlé, wọ́n máa ṣe ibi ìjà tuntun nípa bí ilé iná Thaumanova ṣe bú gbàù, tó bá jẹ́ Evon, ti ìṣubú òrìṣà Abaddon ni wọ́n máa ṣe. Kiel wọlé. Thaumanova jáde ní November ọdún yẹn, ti Abaddon ò jáde. Wo bó ṣe rọrùn tó: ayé kan ni gbogbo wa wà, torí náà yíyàn kan ni gbogbo wa jọ ṣe, kọ́ńpánì sanwó ọ̀kan péré, ohun tá ò yàn sì di ohun tá a pàdánù lóòótọ́. Àwọn tó dìbò fún Evon ṣì ń sọ ọ́ dòní. Ó ń wù mí kí àwọn géèmù míì máa ṣe irú ẹ̀ sí i, kò ná wọn ní nǹkan tó pọ̀.

Òdìkejì ẹ̀ ni Shadowlands, World of Warcraft náà, 2020. Covenant (ẹgbẹ́) mẹ́rin ni wọ́n ní ká yan ọ̀kan nínú ẹ̀, kálukú pẹ̀lú ìtàn tiẹ̀. Wọ́n wá so agbára ìjà mọ́ ọn, agbára tí Covenant kan fún ẹ yàtọ̀ sí ti èkejì, tó o bá fẹ́ yí padà ó ní làálàá ńlá. Wọ́n rò pé báwọn bá jẹ́ kó wọ́n, yíyàn yẹn á nípọn. Ó nípọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn làwọn èèyàn ń yàn mọ́, ìṣirò ni. Ẹni tó fẹ́ràn Night Fae látọkàn wá lọ bá Kyrian torí pé nọ́ńbà ibẹ̀ ga jù fún kàráktà ẹ̀, torí tí ò bá lọ, ẹgbẹ́ ò ní gbé e lọ síbi ìjà. Nígbà tó di November 2021 nínú àtúnṣe 9.1.5, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n jẹ́ kéèyàn máa yí padà bó ṣe wù ú. Torí náà kì í ṣe gbogbo owó ló ń mú kí yíyàn dáa, tó bá jẹ́ agbára ni wọ́n fi san án, agbára nìkan lèèyàn máa rí.

Wàyí o, àwọn ibi tó jẹ́ pé àwa tá à ń gbá a la sanwó ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo wọn ti pẹ́, Asheron's Call, géèmù tí Turbine gbé jáde lọ́dún 1999. Ìtàn tí wọ́n kọ ni pé ẹ̀dá burúkú kan tó ń jẹ́ Bael'Zharon wà ní àhámọ́, àwọn kírísítálì kan ló ń tì í mọ́lé, àwọn tó ń gbá a máa fọ́ wọn, á sì jáde. Ohun tí òǹkọ̀wé fọkàn sí nìyẹn, torí èèyàn kì í rí nǹkan tó ṣeé fọ́ kó má fọ́ ọ. Sáfà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà ayé géèmù yẹn tiẹ̀. Lórí àwọn sáfà tó kù, wọ́n fọ́ ọ. Lórí sáfà Thistledown, àwọn kan kọ̀. Wọ́n yí kírísítálì tó kẹ́yìn ká, wọ́n ń ṣọ́ ọ, ẹni tó bá wá fọ́ ọ wọ́n á pa á, tó bá padà wá wọ́n á tún pa á, bí àwọn kan ṣe ń lọ sùn làwọn míì ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìtàn dúró! Àwọn tó ṣe géèmù yẹn ò rí ohun tí wọ́n máa ṣe, àfìgbà tí wọ́n fúnra wọn wọlé pẹ̀lú kàráktà alágbára, wọ́n bá àwọn tó ń ṣọ́ ọ jà títí tí kírísítálì fi fọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ́ ohun ìrántí fún àwọn tó gbèjà ẹ̀, lórí sáfà yẹn nìkan. Bael'Zharon jáde níbi gbogbo, ìtàn ńlá ò yí padà, ọ̀rẹ́ ẹ á tún ní "ṣé o rí i?" Ó dáa, kó lọ sọ ọ́ fún ẹni tó dúró ti kírísítálì yẹn lóru.

Ilẹ̀kùn Ahn'Qiraj ti World of Warcraft ní January 2006 sún mọ́ ọn. Sáfà kọ̀ọ̀kan ló ní láti kó bándéèjì, kó bàbà, kó oúnjẹ jọ rẹpẹtẹ kí ilẹ̀kùn yẹn tó lè ṣí, sáfà tó bá lẹ á pẹ́, èyí tó bá yára á ṣáájú. Ẹni tó lu agogo tó ṣí ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn gba oyè Scarab Lord, àkókò yẹn sì kọjá lórí sáfà yẹn, ó kọjá nìyẹn.

Níkẹyìn, ìbéèrè ẹ kejì, ibi tí ohun tó o bá ṣe á ti jọ nǹkan. Tó bá jẹ́ ìtàn lo fẹ́, dúró síbi tó o wà, kó o sì gbá Final Fantasy XIV mọ́ ọn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbé e fún ẹni tó fẹ́ tọ́ ọ wò títí dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì 70, apá tí wọ́n ń pè ní Stormblood náà wà nínú ẹ̀, ìyẹn á gbé ẹ lọ fún ìgbà pípẹ́ kó o tó yọ káàdì kankan. Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ kí nǹkan yí padà lọ́wọ́ ẹ tí kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́, EVE Online ni, géèmù ọkọ̀ ojú ọ̀run. Kò sí òǹkọ̀wé tó ń darí ogun inú ẹ̀. Ní January 2014, ẹgbẹ́ ńlá kan ò san owó ìṣàkóso ibì kan tó ń jẹ́ B-R5RB lásìkò, ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn ọ̀tá rí i, wọ́n gbógun dé, ogun yẹn gba nǹkan bíi wákàtí 21, Titan 75 ló fọ́, ọkọ̀ tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kó owó àti ohun èlò jọ fún oṣù gbọọrọ kí ẹyọ kan tó lè dúró. Wọ́n ṣírò ohun tó ṣòfò sí nǹkan bí 300,000 dọ́là. Kò sẹ́ni tó dá Titan kankan padà. CCP, àwọn tó ṣe é ní Iceland, kàn fi àfọ́kù ọkọ̀ ṣe ohun ìrántí síbẹ̀ kí ẹni tó bá kọjá máa rí i.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tún dáa fún ẹni tó wà lọ́dọ̀ wa. Ìlú London ni sáfà ẹ̀ wà, yàtọ̀ sí ti China, sáfà kan ṣoṣo ni gbogbo ayé jọ ń lò, ìṣẹ́jú àáyá kan kan ló sì fi ń ka ohun tó o tẹ̀, torí náà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà díẹ̀, kò ní pa ẹ́ lára bó ṣe ń pa ẹni tó ń yìnbọn nínú géèmù míì. Tí ogun bá tóbi jù, wọ́n á fa àkókò ibẹ̀ lọ́wọ́ sẹ́yìn, ó lè lọ sílẹ̀ títí dé ìdá kan nínú mẹ́wàá, kí sáfà lè gbé gbogbo èèyàn. Látọdún 2016 ni wọ́n ti jẹ́ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wá corporation kan, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá a, tó ń gba ẹni tuntun, kó o bá wọn wà fún ìgbà díẹ̀, kó o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ara wọn tí nǹkan bá bàjẹ́, kó o tó gbé ọkọ̀ tó wọ́n jáde ní ibùdókọ̀. Má gbé èyí tó ò ní lè rà padà jáde o, torí tó bá ti fọ́, ó ti fọ́ nìyẹn.